Kí Ọmọ Wa Tó Di Odi: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìtò Ìkọlù Nínú Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà

Nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù, ọ̀pọ̀ nǹkan ti parí. Ibi tí àwọn ọkùnrin 11 dúró sí ti sọ ẹni tí yóò pinnu, ẹni tí yóò sáré, àti ẹni tí yóò forí lu ẹlòmíràn kí ẹnìkẹta lè ríbi kọjá. Ó ti sọ ẹni tí kámẹ́rà yóò máa tẹ̀ lé, ó sì ti sọ ẹni tí a kò ní gbọ́ orúkọ rẹ̀ àfi lọ́jọ́ tó bá ṣẹ̀.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Nígbà tí Ìbàdàn ń jagun ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, Balógun ló ń darí ogun. Ọ̀tún Balógun di apá ọ̀tún mú, Òsì Balógun di apá òsì mú. Ogun ti parí tipẹ́, àmọ́ oyè náà ṣì wà. Ìdúró ojú ogun ló di oyè, oyè ló di ọ̀wọ̀, ọ̀wọ̀ ló sì ń sọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ lanu ní ìgbìmọ̀. Ẹ má fojú kékeré wo ibi tí wọ́n bá ní kí ènìyàn dúró sí.

Mayfair ni mò ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fordsburg, ní ìwọ̀-oòrùn àárín ìlú Johannesburg. Ní àdúgbò wa, kíríkẹ́ẹ̀tì ni ọ̀rọ̀ àwọn ará Íńdíà tó ti ń gbé ibẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Bọ́ọ̀lù àwọn ẹgbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ àwọn ará Sòmálíà tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Eighth Avenue. Rọ́gúbì sì ni ọ̀rọ̀ gbogbo ènìyàn nígbà tí Springboks bá wà lórí pápá. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà kì í sábà sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ní nǹkan bí aago kan ààbọ̀ òru ọjọ́ Ajé ni Super Bowl máa ń bẹ̀rẹ̀ níbí, nígbà tí ẹni tó fẹ́ tètè ṣí ṣọ́ọ̀bù ti sùn lọ fọnfọn. Èmi máa ń jókòó tì í, nítorí iṣẹ́ ìkọ̀wé ni mò ń ṣe, eré ìdárayá sì wà lára ohun tí mò ń kọ nípa rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi pè mí láti Ìbàdàn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti pé ọdún 17, ó sì ga ju bàbá rẹ̀ lọ. Àwọn kan wá sí ilé-ẹ̀kọ́ wọn, wọ́n wọn gíga rẹ̀, wọ́n wọn ìwúwo rẹ̀, wọ́n tún na apá rẹ̀, wọ́n wọn ìyẹn náà. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà gbé e dé òkè òkun.

“Àbúrò mi, ìwọ lo mọ̀ nípa nǹkan wọ̀nyí. Ṣé kí n jẹ́ kó lọ?”

“Àǹtí mi, ṣé wọ́n sọ ibi tí wọ́n máa fi í sí fún yín?”

“Ibi wo? Ṣé kì í ṣe bọ́ọ̀lù kan náà ni gbogbo wọn jọ ń gbá ni?”

Kì í ṣe bọ́ọ̀lù kan náà. Ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi ni ìbéèrè ọ̀pọ̀ òbí lónìí láti Accra dé Èkó, kò sì sí ẹni tó lè dáhùn rẹ̀ dáadáa láìmọ bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń to ènìyàn sórí pápá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo òfin. Ẹgbẹ́ tó ní bọ́ọ̀lù ní ìgbà mẹ́rin láti fi rin yáàdì 10. Bí wọ́n bá rìn ín tán, wọ́n tún ní ìgbà mẹ́rin mìíràn. Nígbà kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán, méje nínú àwọn 11 gbọ́dọ̀ tò sórí ìlà ibi tí bọ́ọ̀lù wà. Nínú àwọn tó wà lórí ìlà yẹn, ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀tún àti ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun òsì nìkan ló lè gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù síwájú. Àwọn márùn-ún tó wà láàárín wọn kò ní ẹ̀tọ́ yẹn. Iṣẹ́ wọn ni láti ti ọ̀tá kúrò lọ́nà, tàbí láti dí ọ̀tá lọ́nà. Àwọn kan wà nínú wọn tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù yìí fún ọdún mẹ́wàá láìgbé bọ́ọ̀lù sáré lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àwọn mẹ́rin yòókù wà lẹ́yìn ìlà. Ọ̀kan nínú wọn ni quarterback, tí mo máa pè ní atukọ̀. Òun ni bọ́ọ̀lù máa ń kọ́kọ́ dé ọwọ́ rẹ̀, òun ló sì ń pinnu bóyá yóò fún ẹlòmíràn, bóyá yóò jù ú síwájú, tàbí bóyá yóò gbé e sáré fúnra rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá fi atukọ̀, àwọn mẹ́ta tó wà lẹ́yìn pẹ̀lú rẹ̀, àti àwọn méjì ìpẹ̀kun sí ni ìtò ìkọlù kan fi ń yàtọ̀ sí òmíràn. Àwọn márùn-ún àárín kì í kúrò lójú kan. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí òbí mọ̀ nìyẹn.

Ẹni tó bá mọ ayò ọlọ́pọ́n, ọ̀rọ̀ yìí yóò tètè yé e. Ọmọ ayò kì í pọ̀ sí i nítorí pé o mọ̀ ọ́n ta. Ibi tí o bá kó wọn jọ sí, ilé mìíràn ló ṣófo. Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá kó ènìyàn jọ sáàárín láti fi agbára tì, etí pápá ṣófo. Bí ó bá fọ́n wọn ká orí pápá tó fẹ̀ ju yáàdì 53 lọ, ẹ̀ṣọ́ atukọ̀ dín kù. Kò sí ìtò tí kò ní ihò. Ohun tó yẹ ká bi ìtò kọ̀ọ̀kan ni pé ta ni yóò dí ihò náà, kí sì ni yóò fi dí i?

Mo fẹ́ gbé mẹ́ta yẹ̀ wò. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ń pè ní I. Atukọ̀ dúró sún mọ́ ẹni àárín ìlà pẹ́kípẹ́kí láti gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn atukọ̀ ni fullback, lẹ́yìn fullback ni running back, gbogbo wọn tò bíi lẹ́tà I. Tom Nugent lò ó ní ilé-ẹ̀kọ́ ológun Virginia ní nǹkan bí ọdún 1950, John McKay sì sọ ọ́ di olókìkí ní yunifásítì Southern California. Méjì nínú àwọn running back McKay, Mike Garrett ní 1965 àti O. J. Simpson ní 1968, gba Heisman, àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tó dára jù lọ lọ́dún.

Ohun tó dára nínú I ni pé running back ń bọ̀ láti ẹ̀yìn: ó rí gbogbo ìlà níwájú rẹ̀, ó sì ti ki eré mọ́lẹ̀ kó tó débẹ̀. Fullback ṣáájú rẹ̀, ó ń fi àyà ṣílẹ̀kùn fún un. Àwọn márùn-ún àárín náà ń lọ síwájú. Àwọn ló ń lù, wọn kì í dúró kí wọ́n lù wọ́n. Àléébù rẹ̀ ni pé ọ̀tá mọ̀ pé ẹ ń bọ̀. Ó lè kó ènìyàn mẹ́jọ sáàárín kó máa dúró dè yín. Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ti di ti ara: ta ló wúwo jù, ta ló lè fara da ìyà jù?

Irú ìrònú bẹ́ẹ̀ ló sọ ọmọ Nàìjíríà kan di ẹni tí Amẹ́ríkà mọ̀ bí ẹni mowó. Christian Okoye, ọmọ Enugu, ti ń díje nínú díísíkọ́ọ̀sì kó tó lọ sí yunifásítì Azusa Pacific ní California. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, nígbà tó ti lé lẹ́ni ogún ọdún. Kansas City Chiefs mú un ní 1987. Ní 1989, ìgbà 370 ni wọ́n gbé bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́, ó sì sáré yáàdì 1,480. Kò sí ẹni tó sáré tó bẹ́ẹ̀ nínú líìgì NFL lọ́dún náà. Ó lé ní kílò 110, àwọn tó fẹ́ dá a dúró sì máa ń ṣubú yí i ká. Kì í ṣe inú I nìkan ló ti sáré, ṣùgbọ́n ìrònú kan náà ni: gbé bọ́ọ̀lù fún ẹni tó wúwo, kó máa lu àárín. Ẹ ka 370 yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní sáà kan ṣoṣo, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye ìgbà yẹn tí àwọn ọkùnrin ńlá fi so mọ́ ọn tí wọ́n là á mọ́lẹ̀. Ní 1992, lẹ́yìn sáà mẹ́fà péré àti ọ̀pọ̀ ìfarapa, ó gbá èyí tó gbẹ̀yìn.

Ìtò kejì ni wishbone. Emory Bellard ló gbé e kalẹ̀ fún yunifásítì Texas ní 1968, nígbà tí Darrell Royal jẹ́ olórí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá níbẹ̀. Running back mẹ́ta ló wà lẹ́yìn atukọ̀, ìdúró gbogbo wọn sì jọ lẹ́tà Y. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: atukọ̀ gba bọ́ọ̀lù, ó gbé e sí ikùn fullback, ó sì ń wo adènà kan tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ láìtì. Bí adènà náà bá kọjú sí fullback, atukọ̀ yọ bọ́ọ̀lù padà, ó sáré gba ẹ̀gbẹ́. Bí adènà mìíràn bá tún kò ó lójú níbẹ̀, ó ju bọ́ọ̀lù sí ẹnìkẹta tó ń sáré bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ìpinnu yìí kì í tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Texas fi í borí ìgbà 30 léraléra láàárín 1968 àti 1970.

Ohun tó wú mi lórí nínú wishbone ni pé kò fi dandan béèrè ara ńlá. Ẹni tí o kò lè tì, ojú ni o fi ń ṣẹ́gun rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ológun Amẹ́ríkà, Army, Navy àti Air Force, fi di irú ìkọlù yìí mú fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti pa á tì, nítorí pé àwọn ọmọ tiwọn kì í sábà wúwo tó ti àwọn yunifásítì ńlá. Àléébù tirẹ̀ ni pé kò mọ bọ́ọ̀lù jù. Bí ọ̀tá bá ti fi touchdown mẹ́ta ṣáájú, tí ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ṣẹ́ kù, ẹsẹ̀ kò lè bá a mọ́.

Ìtò kẹta ni shotgun, pàápàá bí wọ́n ṣe ń lò ó lónìí láti fi fọ́n ènìyàn ká. Atukọ̀ kò dúró ti ẹni àárín mọ́. Ó fà sẹ́yìn bíi yáàdì márùn-ún, wọ́n á wá ta bọ́ọ̀lù sí i. Red Hickey lò ó fún San Francisco 49ers ní 1960, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ nínú líìgì náà kí Tom Landry tó gbé e dìde padà ní Dallas ní 1975. Nínú èyí tí a ń rí lónìí, ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló máa ń fọ́n ká etí pápá láti gba bọ́ọ̀lù. Ẹni kọ̀ọ̀kan tí o bá rán lọ sétí máa ń mú adènà kan dání, nítorí náà àárín fúyẹ́. Atukọ̀ rí gbogbo pápá láti ibi tó wà. Ju ìdajì ìkọlù NFL lọ ló ń bẹ̀rẹ̀ báyìí láti ìdúró yìí.

Àǹfààní yìí lówó lórí. Fullback ti lọ. Running back wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ atukọ̀, eré rẹ̀ kò tíì gbóná nígbà tí bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ rẹ̀. Ní ti àwọn márùn-ún àárín, àwọn tó ń lọ síwájú nínú I wá ń fà sẹ́yìn, tí wọ́n ń dáàbò bo atukọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń sáré bọ̀ wá bá wọn. Iṣẹ́ wọn le sí i nígbà tí ojú ayé kúrò lára wọn.

Owó náà tẹ̀ lé ìtò. Lọ́dọọdún ni NFL máa ń kéde iye tí ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ san fún ẹni tó bá fẹ́ dá dúró fún ọdún kan, ní ìbámu pẹ̀lú ipò rẹ̀. Ní 2023, ti quarterback lé ní mílíọ̀nù dọ́là 32. Ti ará ìlà ìkọlù jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 18. Ti running back jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 10. Lọ́dún yẹn náà ni àwọn running back bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ní gbangba pé wọ́n ń fi ara wọn ṣòfò. Ká ní ìgbà tí I gbayì ni Okoye wá lónìí, ipò rẹ̀ ì bá wà lókè. Láàárín ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀, ìtò yí padà, iye ara ènìyàn sì yí padà pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé shotgun ni ọgbọ́n, I ni agbára lásán, ọ̀rọ̀ sì ti tán. N kò gbà. Ní oṣù Kẹsàn-án 2008, Miami Dolphins mú atukọ̀ wọn kúrò nídìí bọ́ọ̀lù, wọ́n ní kí wọ́n máa ta á sí running back Ronnie Brown tààrà. Wọ́n na New England 38 sí 13, bẹ́ẹ̀ ẹ̀tàn àtijọ́ ni, irú èyí tí wọ́n ń lò kí àwọn bàbá wọn tó dáyé. Ní 2024, Saquon Barkley sáré yáàdì 2,005 fún Philadelphia Eagles, ẹgbẹ́ náà sì gba Super Bowl ní oṣù Kejì 2025. Eagles kan náà ló sọ títi atukọ̀ láti ẹ̀yìn di nǹkan tí gbogbo líìgì ń jà lé lórí. Wọ́n pe Richie Gray, ará Scotland tó ti bá Springboks ibí ṣiṣẹ́ rí, láti fi ọgbọ́n rọ́gúbì tún un ṣe. Ní oṣù Karùn-ún 2025, àwọn ẹgbẹ́ 22 dìbò láti fòfin dè é, ẹgbẹ́ 10 kọ̀. Ìbò 24 ni wọ́n nílò, ó sì yè é. Ẹni tó bá rò pé títì ti di ti ayé àtijọ́, kó wo ìyẹn.

Òṣùwọ̀n tí èmi fi ń wọn ìtò kì í ṣe bóyá ó jẹ́ tuntun. Mo máa ń béèrè pé: nínú àwọn 11, mélòó ni ìtò yìí fún láyè láti pinnu nǹkan? Ní ti èyí, wishbone dùn mọ́ mi ju I lọ, shotgun tó dára sì dùn mọ́ mi nítorí pé àwọn etí pápá gbọ́dọ̀ ka ìdúró ọ̀tá kí wọ́n sì yí ọ̀nà wọn padà láìsí pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ. Ẹ má sì jẹ́ ká tan ara wa: ẹni àárín ìlà náà ń ronú. Òun ló sábà máa ń nawọ́ sí ọ̀tá, tó ń pariwo fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ẹni tí oníkálukú yóò dí. Ọ̀rọ̀ mi kì í ṣe pé odi kò lọ́gbọ́n. Ọ̀rọ̀ mi ni pé àwọn tó ń yan ènìyàn sípò kò fi ìgbà gbogbo yàn wọ́n nítorí ọgbọ́n.

Ìtàn Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí èyí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn olówó ẹgbẹ́ gbà pé ọmọ dúdú lè sáré, ó lè ti ènìyàn, ṣùgbọ́n kò lè tukọ̀. Ní 1978, Warren Moon ṣẹ̀ṣẹ̀ mú yunifásítì Washington borí nínú Rose Bowl, síbẹ̀ kò sí ẹgbẹ́ NFL kan tó yàn án. Ó kọjá sí Edmonton ní Kánádà, ó gba ife-ẹ̀yẹ níbẹ̀ lọ́dún márùn-ún léraléra kí Houston tó pè é padà ní 1984. Doug Williams ni atukọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba Super Bowl, ní oṣù Kìíní 1988. Ọdún 35 lẹ́yìn náà, ní 2023, ni atukọ̀ dúdú méjì, Patrick Mahomes àti Jalen Hurts, tó kojú ara wọn níbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Gbogbo àsìkò yẹn, àwọn ọmọ dúdú kún orí pápá. Ẹni tó ń ka iye wọn yóò sọ pé ìdájọ́ òdodo ti dé; ẹni tó ń wo ibi tí wọ́n dúró sí mọ̀ pé kò tíì dé.

Orílẹ̀-èdè tí mò ń gbé yìí mọ irú èyí ju ti bọ́ọ̀lù lọ. Òfin Group Areas ti 1950 ló pín ìlú gẹ́gẹ́ bí àwọ̀, ó sì fi Mayfair sábẹ́ àwọn aláwọ̀ funfun. Láti àwọn ọdún 1970, àwọn ará Íńdíà bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọ ibẹ̀ láìka òfin náà sí. Ní 1982, Adájọ́ Richard Goldstone dájọ́ pé ilé-ẹjọ́ kò gbọdọ̀ lé ènìyàn jáde nílé lábẹ́ òfin yẹn láìwò ó bóyá ó ní ibòmíràn tó lè forí pamọ́ sí. Ìtò tí ìjọba fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Nínú rọ́gúbì náà, Chester Williams nìkan ni kì í ṣe aláwọ̀ funfun nínú ẹgbẹ́ tó gba Ife Àgbáyé ní 1995, etí pápá ni wọ́n sì fi í sí. Ó di 2018, ní Ellis Park, ìlà-oòrùn àárín ìlú yìí kan náà, kí Siya Kolisi tó di adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó jẹ́ balógun Springboks nínú ìdíje ńlá.

Pẹ̀lú gbogbo èyí lọ́kàn ni mo fi ń wo àwọn ọmọ wa tó ti dé NFL. Emmanuel Ogbah, Romeo Okwara àti Moro Ojomo, Èkó ni wọ́n bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí: ìlà ìdènà ni ipò wọn. Adewale Ogunleye, tí orúkọ rẹ̀ ti sọ ibi tí òbí rẹ̀ ti wá: ìlà ìdènà. Osi Umenyiora, tó gba Super Bowl méjì pẹ̀lú New York Giants, tó sì wà lára àwọn tó ń ṣíwájú iṣẹ́ NFL ní Áfíríkà lónìí: ìlà ìdènà. Iṣẹ́ ọlá ni wọ́n ṣe, owó gidi sì ni wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí NFL ṣe ìpàgọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Áfíríkà, ní Accra ní oṣù Kẹfà 2022, àwọn ọmọ tó ga tó sì yára ni wọ́n ń wá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wá sí ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lú ìwọ̀n àti okùn. Wọ́n mọ ibi tí ìtò wọn ti ní ihò, wọ́n sì wá wo ẹni tí ara rẹ̀ lè dí i.

Mo mọ ohun tí wọ́n á fi dá mi lóhùn. Wọ́n á ní ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 17 kò lè di atukọ̀, nítorí pé láti kékeré ni àwọn atukọ̀ Amẹ́ríkà ti ń kọ́ bí a ṣe ń ka ìdúró ọ̀tá. Òótọ́ ni. Wọ́n á tún dárúkọ Jordan Mailata, ọmọ Sydney tó ń ta rọ́gúbì, tí kò tíì gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà rí kí Eagles tó yàn án ní 2018. Wọ́n fi í sí ìlà ìkọlù, lápá òsì, níbi tí atukọ̀ ọlọ́wọ́ ọ̀tún kì í ti í rí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ní 2024, ó fọwọ́ sí àdéhùn tó ju mílíọ̀nù dọ́là 60 lọ. Òótọ́ ni ìyẹn náà. Ọ̀kan ṣoṣo ni Mailata, àmọ́ kì í ṣe ara nìkan ló gbé e débẹ̀: akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ní sùúrù ló fi ọdún méjì kọ́ ọ kó tó bẹ̀rẹ̀ eré gidi.

Nítorí náà, mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kí ó bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta. Ipò wo ni wọ́n fẹ́ fi í sí, kí sì ni ìtò ẹgbẹ́ náà ń fi ẹni tó wà nípò yẹn ṣe? Ta ni yóò kọ́ ọ, fún ìgbà wo, kó tó kojú àwọn tó ti ń gbá a láti kékeré? Bí orúnkún rẹ̀ bá sì bàjẹ́ lọ́dún kejì, ṣé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì yóò ṣì máa lọ? Ẹni tí kò bá lè dáhùn àwọn mẹ́ta yìí, okùn tó fi wọn ọmọ náà ni kó ká padà sápò.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ilé kan lọ. Bí ọdún 17 bá ti pẹ́ jù láti kọ́ bí a ṣe ń pinnu lórí pápá, kí a bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 9 tàbí 10. Ohun tí a lè fi bẹ̀rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Flag football, èyí tí ènìyàn márùn-ún ń gbá sí márùn-ún, yóò wà nínú Òlíńpíìkì Los Angeles ní 2028, fún ọkùnrin àti obìnrin. Kò ní akoto, kò ní pé à ń la ènìyàn mọ́lẹ̀. Àsíá tó wà ní ìbàdí ni wọ́n ń fà yọ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kò sí àwọn márùn-ún àárín níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó wà lórí pápá ló lè gba bọ́ọ̀lù. Ọmọbìnrin tín-ínrín tó lójú yóò ríbi dúró, ọmọkùnrin sìgbọnlẹ̀ náà yóò kọ́ bí a ṣe ń ju bọ́ọ̀lù kí ẹnikẹ́ni tó pàṣẹ fún un pé títì ni iṣẹ́ rẹ̀. Pápá ilé-ẹ̀kọ́, bọ́ọ̀lù kan, àti aṣọ gígùn díẹ̀ ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Owó tí àwọn àjọ eré ìdárayá wa ń ná sórí ìpàgọ́ ìwọnra, kí wọ́n pín ìdajì rẹ̀ fún èyí.

Àwọn àgbà ní ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Bí ọmọ wa kan bá wá yàn lẹ́yìn náà láti jẹ́ odi, nítorí pé ó mọ iṣẹ́ náà, ó mọ owó rẹ̀, ó sì mọ ewu rẹ̀, ẹ jẹ́ ká pàtẹ́wọ́ fún un, nítorí kò sí ìtò tó lè dúró láìsí i. Ohun tí kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ mọ́ ni pé kí àlejò wọn apá rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kí wọ́n sì ti mọ ibi tí yóò dúró sí kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ orúkọ ibẹ̀.